Ohun tí Ìyá Onílé Mi Ń Pè ní Ọkọ̀

Ní ìlú wa lókè lọ́hùn-ún, bí ẹnikẹ́ni bá sọ pé ọkọ̀ ti dé, eruku la máa ń wò. Akẹ́rù tó ń kó iṣu ni ọkọ̀ lójú mi títí mo fi jáde ní yunifásítì. Èdè Yorùbá ni mo sì lọ kà níbẹ̀.

Ní apá ìparí àwọn ọdún 1980, mo gba yàrá kan ní Ajégúnlẹ̀. Láràárọ̀ ni mò ń fẹsẹ̀ rìn lọ sí Àpápá láti wá iṣẹ́ ní àwọn ọ́fíìsì tó ń rí sí ẹrù ojú omi, mi ò sì rí kankan. Àwọn ará ilé máa ń kí mi, wọ́n á sì ti kọjá kí n tó dáhùn. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé wọ́n kórìíra mi. Wọn ò ṣáà nílò mi ni, ìyẹn sì máa ń dùn mí ju ìkórìíra lọ, torí ẹni tí wọ́n bá kórìíra, wọ́n ṣì ń rántí rẹ̀.

Ìyá onílé nìkan ló ń bá mi sọ̀rọ̀. Ìlàjẹ ni wọ́n, opó, ojú wọn sì ti ń ṣe bàìbàì. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo ní ọkọ̀ ti dí ọ̀nà Àpápá pa.

“Ọkọ̀ wo? Ṣé omi ti dé títì ni?”

“Akẹ́rù ni, Màmá.”

“Ẹn-ẹ́n. Mọ́tò nìyẹn. Akọ̀wé, igi ni ọkọ̀.”

Wọ́n ní nígbà èwe wọn, igi odindi kan tí wọ́n fi irin àti iná gbẹ́ nínú ni ọkọ̀. Nígbà tí tàwọn òyìnbó dé láti orí òkun, kò sí orúkọ tí wọ́n lè pè é, ni wọ́n bá pè é ní ọkọ̀ òyìnbó. Mọ́tò dé, orúkọ náà gun orí ilẹ̀. Lẹ́yìn náà ó fò lọ sójú ọ̀run.

“Gbogbo ohun tó bá ṣáà ti lè gbé èèyàn, ẹ gbé orúkọ ọkọ̀ wa fún un. Ẹ ò tiẹ̀ tọrọ.”

Mo rò ó títí. Òótọ́ ni pé àjẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ fi ń wa ọkọ̀ kó tó di pé dírẹ́bà ń wà á. Àdúgbò wa pàápàá, ajé ló gúnlẹ̀ síbẹ̀ bí ìgbà tí orí ọkọ̀ bá kan iyanrìn. Inú mi bàjẹ́ díẹ̀, torí tèmi ò tíì gúnlẹ̀.

Kò pẹ́ sígbà yẹn ni ẹ̀gbọ́n wọn ránṣẹ́ láti erékùṣù kan ní òdìkejì omi pé kí wọ́n máa bọ̀ wá gbé lọ́dọ̀ àwọn nítorí ojú wọn. Màmá ní kí n sin àwọn lọ.

“Màmá, ṣé ẹ máa padà?”

“Jẹ́ ká kọ́kọ́ débẹ̀ ná.”

Bí wọn ò bá padà, ta ni màá máa bá sọ̀rọ̀?

Ọkọ̀ onígi gan-an la wọ̀ létí omi, mi ò sì wọ irú rẹ̀ rí. Bí a ṣe jókòó tán ni bàbá arúgbó kan sọ̀ kalẹ̀ wọlé. Kí ni ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé máa ṣe? Mo dìde láti dọ̀bálẹ̀. Ọkọ̀ fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, omi rọ́ wọlé.

“Bọ̀dá, you wan kill us?” atukọ̀ bi mí. “Ta ló ń dọ̀bálẹ̀ lórí omi?”

Bàbá náà ní, “Mo ti gbọ́ ìkíni rẹ. Jókòó, kí n lè tún dàgbà sí i.”

Màmá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. “Ibi tó o bá jókòó sí lo ti ń kí àgbà nínú ọkọ̀.” Wọ́n di ọwọ́ mi mú.

Ìgbà yẹn ni mo wá kíyè sí wọn. Nílé, ògiri ni wọ́n máa ń fọwọ́ wá kiri. Níbí, wọ́n jókòó ṣánṣán, wọ́n ń fi etí mọ ibi tá a dé kí èmi tí mo ríran tó mọ̀ ọ́n. Mo ti rí ìdáhùn ìbéèrè mi nìyẹn. Ó dùn mí, ojú sì tì mí pé ó dùn mí, torí ayọ̀ ni fún wọn.

Nígbà tá a gúnlẹ̀ sí erékùṣù náà, orúkọ kan tí mi ò gbọ́ rí ni ẹ̀gbọ́n wọn fi pè wọ́n, ohùn tí mi ò gbọ́ rí ni wọ́n sì fi dáhùn. Nígbà tí atukọ̀ ní ó tó àkókò láti padà, mo gbé àpò wọn.

“Gbé e kalẹ̀,” ni wọ́n wí.

“Ẹ ò bá mi lọ nìyẹn, Màmá?”

“Mo ti délé. Ìwọ náà máa wá kí wa.”

Mo ní màá máa wá. Mo ní in lọ́kàn lọ́jọ́ yẹn.

Nígbà tí mo padà délé, obìnrin tó ń din àkàrà lẹ́nu ọ̀nà wa bi mí pé, “Màmá ńkọ́?” Mo sọ fún un. Àwọn ayálégbé yòókù jáde wá lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n dúró, wọ́n ń wo ẹnu mi. Mo ròyìn bí omi ṣe rí, bí wọ́n ṣe rẹ́rìn-ín, àti ohun tí wọ́n jẹ. Mò ń fa ọ̀rọ̀ náà gùn, torí mo mọ̀ pé tó bá ti tán, oníkálukú á wọlé lọ.