Abúlé Tó Sá fún Ọrẹ Wa

Ilẹ̀ kò tíì mọ́ nígbà tí èmi àti Àlàbí wọ ọkọ̀ ojú irin l'Óṣogbo. Akọ̀wé ni àwa méjèèjì ní ilé-iṣẹ́ òyìnbó kan tó ń ra òrí. Mánéjà wa ní ilé-iṣẹ́ fẹ́ fi kànga ta abúlé kan lẹ́yìn Ìlọrin lọ́rẹ, nítorí ibẹ̀ ni òrí wa ti ń wá. Ó béèrè akọ̀wé tí yóò lọ fi ọ̀sẹ̀ méjì ṣe é láìgbowó. Èmi ni mo kọ́kọ́ nawọ́. Mo rò pé ijó ni wọn yóò fi pàdé wa.

Lẹ́yìn Ọ̀fà, igbó ṣí, ó di ọ̀dàn. Mo yọrí lójú fèrèsé, mò ń yin àwọn tó la irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀. Ní Ìlọrin, ilé Alfa Sànúsí tó ń bá wa ra òrí la wọ̀ sí, nítòsí Ọjà-Ọba. Kọ́bọ̀ kan péré ni Alfa fi ra fùrá tó yó àwa méjì: ọkà bàbà tí àwọn Fúlàní ń fọ́ sínú wàrà kíkan, tútù ni wọ́n ń mu ún, kò dà bí ẹ̀kọ gbígbóná tiwa. Kí Alfa tó fẹnu kan tirẹ̀, ó ti bu igbá kan fún afọ́jú tó jókòó lẹ́nu ọ̀nà, kò tilẹ̀ wẹ̀yìn bóyá ẹnì kan rí i. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tó bá ta ni lọ́rẹ, gbogbo àdúgbò ni yóò gbọ́.

Lọ́jọ́ kejì, àwa àti Alfa fi ẹsẹ̀ rin ọ̀nà Màlété láti àárọ̀ títí oòrùn fi ń rọlẹ̀. Ìṣàn omi mẹ́ta la kọjá, iyanrìn lásán ni gbogbo wọn. Nígbà tí a wọ abúlé náà, ọbẹ̀ ń hó lórí iná, kò sì sí ẹni tó ń dáná. Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ káàkiri. 

Ìyá arúgbó kan ṣoṣo ló jókòó lábẹ́ igi ẹ̀mí, igi tí wọ́n ń fi èso rẹ̀ ṣe òrí. Alfa kí i ní sàlámù. Ó dáhùn, ó ní, "Bí ẹ bá fẹ́ mú mi, ẹ mú mi. Orúnkún mi kò jẹ́ kí n sá."

Alfa bi í pé, "Ìyá, ta ló ní a wá mú ènìyàn?"

Ó nawọ́ sí ẹ̀wù èmi àti Àlàbí. "Irú ẹ̀wù yìí náà ni àwọn tó kọ́kọ́ wá wọ̀. Wọ́n ní oore ni àwọn mú wá. Wọ́n kó ọkùnrin mẹ́wàá lọ la ọ̀nà rélùwéè. Mẹ́fà ló padà. Yákúbù ọmọ mi kò sí nínú wọn."

N kò lè gbójú sókè wò ó. Mo ní, "Ìyá, kànga la wá gbẹ́ fún yín. Sàárà ni."

"Ta ni yóò gbẹ́ ẹ?"

Mo tú ìwé tí mánéjà ní kí n kà fún Baálẹ̀, mo sì ń kà á sókè: kí Baálẹ̀ kó ogún ọkùnrin jáde láti gbẹ́ ilẹ̀, kí àwọn akọ̀wé máa ṣọ́ wọn. 

Ìyá náà mirí. "Ẹ̀yin lẹ fẹ́ ṣe sàárà, àwa lẹ fẹ́ kó làágùn."

Àlàbí fà mí sẹ́yìn. "Jẹ́ ká máa lọ. Akọ̀wé la jẹ́, a kì í ṣe agbẹ́lẹ̀."

"Ìwọ máa lọ," ni mo wí. Mo bọ́ ẹ̀wù, mo gbé ọkọ́ tí ẹnì kan jù sílẹ̀. Alfa náà ká ẹ̀wù rẹ̀. Ó di ọ̀sán ọjọ́ kejì kí Àlàbí tó dìde bá wa.

Ọjọ́ mẹ́ta la fi bá ilẹ̀ líle yẹn jà. Omi tó kù nínú ìkòkò ìyá náà ló ń bù fún wa mu. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹrin, ọkùnrin kan yọ láti inú igbó, ó dúró létí kòtò.

"Ẹ gòkè wá. Ẹ ti gbẹ́ ẹ wọ́. Yóò wó pa yín."

Músá ni, àbúrò Yákúbù, ó sì mọ iṣẹ́ kànga. Bó ṣe ń tún ògiri kòtò náà ṣe, mo bi í léèrè ìdí tó fi jáde.

"Mo ti ń wò yín láti inú igbó," ló wí. "Mò ń retí ìgbà tí ẹ máa mú ẹgba jáde. Mi ò rí i."

Kílẹ̀ tó ṣú, abúlé ti kún. Ọjọ́ kẹsàn-án la kan omi. Ìyá ni wọ́n kọ́kọ́ fún mu. Ó mu ún, ó di ọwọ́ mi mú títí.

Nígbà tí mo padà dé Òṣogbo, mánéjà ní kí n kọ bí abúlé náà ṣe fi ayọ̀ gbà wá. Mo kọ ọ́ pé wọ́n sá fún wa, mo sì kọ ìdí rẹ̀. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Láti ọjọ́ náà, bí ẹnikẹ́ni bá ní òun fẹ́ gbé oore lọ síbì kan, ohun tí mo máa ń kọ́kọ́ béèrè ni ohun tí àwọn tó ti lọ síbẹ̀ ṣáájú rẹ̀ gbé lọ.