Ìyàwó Tí Wọn Kò Jẹ́ Kó Dákẹ́

Ní ọjọ́ kẹtàlá oṣù kẹsàn-án ọdún 1984, dókítà kan ní Ìbàdàn sọ fún Sàfúrátù, olórin wákà, pé kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́rìnlá. Kókó méjì ti yọ sórí iṣan tí ohùn ń gbà jáde lọ́fun rẹ̀. Bó bá dákẹ́, ó ṣeé ṣe kí wọ́n pòórá. Bí kò bá dákẹ́, wọn yóò le, kò sì ní lè kọrin mọ́.

Dókítà náà ò fi ọ̀rọ̀ pamọ́. Kó má fọhùn rárá, kó má sì sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, nítorí ìyẹn náà ń ni iṣan ọ̀hún lára. Kó máa mu omi láti àárọ̀, kó má dúró di ìgbà tí òùngbẹ bá ń gbẹ ẹ́. Kó má máa fi ikọ́ họ ọ̀fun. Kó jìnnà sí èéfín igi. Bó bá tó àkókò àtipadà sórin, kó kọ́kọ́ máa kùn ún sínú díẹ̀díẹ̀ kó tó gbé ohùn sókè.

Jùbrílù, ọkọ rẹ̀, jókòó tì í.

"Ṣé ẹ gbọ́, ọ̀gá?"

"Mo gbọ́, Dókítà. Kò ní fọhùn."

Nínú mọ́tò tó ń gbé wọn padà sí Abẹ́òkúta, bí wọ́n ṣe kọjá Òṣíẹ̀lẹ̀, Jùbrílù tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn létí. "Má wulẹ̀ júwe fún ẹnikẹ́ni nílé. Ìyá mi ń ti Mẹ́kà bọ̀, ìwọ ló sì máa lé orin ìkíni. Bí àwọn ẹlẹ́gbẹ́ ẹ bá gbọ́, wọn á ti gbé orin fún ẹlòmíràn. Èmi ni n ó fọgbọ́n sọ ọ́."

Sàfúrátù mi orí pé òun gbà.

Ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni. Láti ilé kéwú ni wọ́n ti ń tì í síwájú pé kó lé orin, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó kọ́ ọ bí a ṣe ń tọ́jú ohùn. Ohun tí wọ́n kọ́ ọ ni pé olórin tó bá mu omi lójú agbo, ó ti rẹ̀ ẹ́ nìyẹn, kí ẹlòmíràn gbà á. Nítorí náà, ó máa ń kọrin láti ìrun Àílà títí di Mọ̀ńgàríbì lọ́fun gbígbẹ. Bí ohùn bá há, wọn á ní kó jẹ ataare. Láti Ààwẹ̀ ọdún náà ni ohùn ti há tí kò sì là.

Ilé ọkọ rẹ̀ wà lẹ́yìn Ṣàpọ́n. Nínú ilé yẹn, ìyàwó kì í pe ọmọ ilé lórúkọ. Á fún un ní orúkọ mìíràn, á kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ láràárọ̀, á fi orúkọ yẹn kí i, á sì kì í ní oríkì. Kùdírátù, ẹ̀gbọ́n Jùbrílù, tó ń rẹ aṣọ láró, ni Sàfúrátù ń pè ní Ẹyinfúnjowó. Lọ́jọ́ kejì, ó kúnlẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Kò fọhùn.

"Ta nìyẹn?" ni Kùdírátù bèèrè. Nígbà tó yọjú, tó rí i, ó ní, "Ìyàwó! Ṣé bátìrì ẹ ló tán ni, àbí kásẹ́ẹ̀tì ló lọ́?"

Àwọn tó wà nídìí aró bú sẹ́rìn-ín. Sàfúrátù fi ìka kan ọ̀fun ara rẹ̀.

"Ẹ wá wò ó o! Ó ń júwe ọrùn sí mi! Ọrùn ta lo fẹ́ bẹ́? Torí mo ní kó gbá ẹ̀yìnkùlé, ó wá ń bá mi yodì!"

Ilé kejì ni mò ń gbé. Mo rí i. Jùbrílù wà lórí àga ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń run pákò. Ó tu itọ́, ó wọlé lọ.

Ọ̀ràn kékeré kọ́ ni yodì nílé bẹ́ẹ̀. Ìyàwó tó bá ń bá ọmọ ilé yodì nígbà tí ìyá ilé wà ní Mẹ́kà, èpè ló ń ṣẹ́ lé ìrìnàjò náà lórí. Nírọ̀lẹ́, Bàbá Sàlàhúdíìnì, olórí ilé, pe gbogbo wọn jọ.

"Ìyàwó, a kì í fi ìka bẹ̀bẹ̀. La ẹnu, kí Kùdírátù gbọ́."

Sàfúrátù wo Jùbrílù. Gbogbo ilé rí i pé ó wò ó. Jùbrílù ń wo bàtà rẹ̀.

"Ẹ má bínú, Ẹyinfúnjowó," ni Sàfúrátù wí. Ohùn náà ń ha bí ẹni ń ha ìdí ìkòkò.

"Ẹn-ẹ́n," ni Bàbá wí, "òtútù ló mú un. Ẹ bá a se ataare àti kanáfùrù, kó mu ún ní gbígbóná."

Kùdírátù, tí inú rẹ̀ ti yọ́, ló sè é fúnra rẹ̀. Bí Sàfúrátù bá kọ̀ ọ́, ìjà tuntun nìyẹn. Wọn á ní ó ń fura pé májèlé ni. Ó mu ún. Láti ọjọ́ yẹn, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í kì wọ́n láràárọ̀, lọ́kọ̀ọ̀kan.

Lọ́jọ́ tí ìyá ọkọ rẹ̀, Àlhájà Asiata, dé, ẹgbẹ́ wákà tò síwájú ilé. Iná igi ń jó lábẹ́ àwọn ìkòkò ọbẹ̀, èéfín sì bo agbo. Sàfúrátù lé orin ìkíni. Nígbà tó fẹ́ gbé e sókè, ohùn já. Ó tún un gbìyànjú. Afẹ́fẹ́ lásán ló jáde. Àwọn elégbè wo ara wọn. Ọ̀kan nínú wọn bọ́ síwájú, ó gba orin náà.

"Ta ló ṣe èyí fún ìyàwó mi?" ni Àlhájà pariwo.

Ìgbà yẹn ni Jùbrílù tó la ẹnu. "Ayé ni, Ìyá," ó wí. "Ayé ò fẹ́ ká yọ̀."

Wọ́n mú elégbè tó gba orin náà ní ọ̀tá. Kò gbọdọ̀ ya ilé náà mọ́. Ní báyìí, Sàfúrátù ń ká aṣọ lẹ́yìn ìsọ̀ Kùdírátù ní Ìtòkú. Kò lè pe oníbàárà. Àwọn tí kò mọ̀ ọ́n máa ń ní kó lọ lo oògùn ikọ́. Kókó ọ̀fun rẹ̀ ti le, dókítà sì ní bí òun bá gé wọn, òun kò lè ṣèlérí orin. Jùbrílù kò tíì sọ òótọ́ fún ẹnì kankan. Sàfúrátù náà kò sọ ọ́ fún wọn, àfi èmi tó wá sọ ọ́ fún lẹ́yìn tí ohùn ti lọ: ilé ọkọ ló wà, àwọn ọmọ rẹ̀ sì wà níbẹ̀.

Ìwọ tí ò ń ka èyí, bí wọ́n bá ti pàṣẹ ìdákẹ́ fún olórin kan ní ojú rẹ, tí àwọn ará ilé kò sì mọ̀, pa ìwé yìí dé. Dìde, lọ sọ fún wọn. Má fọgbọ́n sọ ọ́. Sọ ọ́ nísinsìnyí.