Ràsáàkì Kọ̀, Kò Fi Apá Sílẹ̀

Iṣẹ́ òfì ni Ràsáàkì bá lọ́wọ́ baba rẹ̀ ní Ìsẹ́yìn. Nígbà tí èjìká ọ̀tún bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún lọ́dún 1983, ó fi ọ̀já so apá mọ́ àyà kó lè sinmi. Ìsinmi àsinmijù yẹn ló kó bá a. Ìgbà tó máa fi tú ọ̀já, èjìká ti gan pátápátá. Àtiwọ bùbá di ogun.

Ó wọ mọ́tò lọ sí ilé ìwòsàn ní Ṣakí. Dókítà ní eegun kankan ò kán, ó ní kó lọ rí Mọ́ládé, obìnrin tó ń fi ìdárayá tú oríkèé tó bá gan. Mọ́ládé rọra gbé apá náà, Ràsáàkì sì figbe ta.

"Ẹ pẹ̀lẹ́, Bàbá. Abẹ́rẹ́ wà tó lè dín ìrora kù. A sì lè fi aṣọ gbígbóná jó o. Àmọ́ èyí tó máa tú èjìká yẹn gan-an, ẹ̀yin lẹ máa ṣe é nílé, lójoojúmọ́. Á dùn yín o."

"Ṣé màá tún lè hunṣọ?"

"Tí ẹ ò bá jáwọ́."

"Ó yá, ẹ kọ́ mi."

Ó kọ́ ọ bó ṣe máa bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí apá máa fì síwá sẹ́yìn, àti bó ṣe máa fi ìka gun ògiri díẹ̀díẹ̀ bí alángbá.

Nílé, Ládòkun ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. "Ògiri lo wá ń bá ṣeré? Jẹ́ kí wọ́n fà á lẹ́ẹ̀kan, kó tán!"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ kí n máa bá a yí."

Àsíátù ìyàwó rẹ̀ á fi aṣọ gbígbóná jó èjìká náà, á wá fi èédú sàmì síbi tí ìka ọkọ rẹ̀ bá dé. Nígbà mìíràn, àmì kì í kúrò lójú kan. Omi á máa bọ́ lójú Ràsáàkì, á wa eyín pọ̀, á tún gbé ìka.

Nígbà tó rọ̀ ọ́ díẹ̀, ó kánjú jókòó sídìí òfì. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, apá ò ṣeé gbé mọ́.

"Bàbá Àdìjátù, ṣé ó ti sú yín ni?" Àsíátù bi í.

"Kò sú mi. Ibi tí mo ti bẹ̀rẹ̀ ni màá padà sí."

Ó sì padà síbẹ̀. Àkókò òjò ti wọlé dáadáa kí ìka rẹ̀ tó ga ju orí lọ lára ògiri. Ọwọ́ rẹ̀ ò yá bíi tàtijọ́ mọ́, tó bá sì hunṣọ díẹ̀, á dìde na apá. Ṣùgbọ́n aṣọ tí ìyàwó tuntun kan ní Tẹ̀dé ń retí, òun fúnra rẹ̀ ló hun ún parí.