Bí Adìyẹ Ṣe Bá Mi Wá Bàálù Ológun

Lọ́sẹ̀ tí àwọn ológun òfurufú wá ṣe ìdánrawò ìjà lójú ọ̀run lágbègbè wa, mo ya àwòrán tó ju irínwó lọ. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn jẹ́ òfurufú lásán. Mo rí ìrù bàálù mẹ́ta yà, apá kan, àti òrùlé aládùúgbò wa láìmọye ìgbà.

Rédíò ti kéde rẹ̀ ṣáájú pé kí ẹnikẹ́ni má fòyà, pé ìdánrawò lásán ni, àti pé yóò parí ní ọjọ́ Ẹtì. Nígbà yẹn mo ti ṣe àgùnbánirọ̀ tán, mo sì ti padà sílé àwọn òbí mi ní Emùré. Olóòtú ìwé ìròyìn orí íńtánẹ́ẹ̀tì kan tó máa ń gbé ìròyìn ọkọ̀ òfurufú jáde ń wá ẹni tó lè kọ̀wé, tó sì lè ya àwòrán. Ó sọ ohun tó fẹ́ fún mi lórí fóònù.

“Bàálù méjì tó ń lé ara wọn,” ó ní. “Méjèèjì nínú àwòrán kan, kí méjèèjì sì hàn kedere. Tó o bá rí i yà, iṣẹ́ ti di tìẹ.”

Màmá mi, tó jẹ́ olùkọ́, ti bá mi wá àyè sílẹ̀ ní ilé ìwé wọn, kí n máa kọ́ àwọn ọmọ ní físíìsì. Ìmọ̀ físíìsì kò dẹ́rù bà mí. Ogójì ojú tó máa máa wò mí ló ń bà mí lẹ́rù. Èmi àti màmá wá fẹnu kò: bí n kò bá rí àwòrán náà yà kí ọjọ́ Ẹtì tó lọ, mo máa wọ kíláàsì lọ́jọ́ Ajé.

“Má sọ pé mi ò fún ẹ láyè o,” màmá sọ. Ó ti ra ṣọ́ọ̀kì sílẹ̀.

Mo yá kámẹ́rà lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi kan tó máa ń ya fọ́tò ìgbéyàwó ní Ìkẹ́rẹ́. Kí n tó gbé e sókè, mo kọ́kọ́ lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá láti béèrè bóyá ẹ̀ṣẹ̀ ni. Ọlọ́pàá tó wà lórí kántà wò mí títí.

“Níbo lo máa dúró sí?”

“Ẹ̀yìnkùlé wa ni, sà.”

“Bàálù ńkọ́?”

“Lókè, sà.”

“Èwo ló wá kàn mí níbẹ̀? Má ṣáà sún mọ́ pápá ọkọ̀ òfurufú, bí sójà bá sì ní kó o gbé e sọ̀, gbé e sọ̀ kíákíá.”

Mo dúpẹ́, mo sì kọ ohun tó sọ sínú ìwé mi.

Ìṣòro àkọ́kọ́ ni pé bàálù náà yára ju ọwọ́ mi lọ. Bí èèyàn bá di kámẹ́rà mú sójú kan, ohun tó ń sáré á kàn di ìlà. Ó yẹ kí èèyàn máa yí ìbàdí tẹ̀lé e, kí kámẹ́rà àti ohun tó ń yà jọ máa lọ. Mo lọ fi àwọn ọlọ́kadà dánra wò lójú ọ̀nà Ìsẹ̀. Ọ̀kan rò pé ìjọba ló rán mi, ó fi ẹsẹ̀ bo nọ́ńbà ọ̀kadà rẹ̀, díẹ̀ ló kù kó ṣubú. Òmíràn dúró gbọnrangandan, ó tún kọ́là rẹ̀ ṣe, ó rẹ́rìn-ín.

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa sáré lọ,” mo bẹ̀ ẹ́.

“Kí n sáré lọ kẹ̀? Fọ́tò wo ni wọ́n ń fi eré yà?”

Nígbà tó di Ọjọ́rú, mo lè ya ọ̀kadà kó hàn dáadáa. Bàálù ṣì ń lọ kí n tó rí i. Ìró máa ń gba nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta kó tó rin kìlómítà kan, nítorí náà ibi tí ariwo ti ń bọ̀ kọ́ ni bàálù wà mọ́. Mo mọ èyí láti inú ìwé, síbẹ̀ ariwo náà ni mo ń yíjú sí ní gbogbo ìgbà.

Ìyá àgbà tó wà nílé kejì ló là mí lójú. Abẹ́ igi máńgòrò rẹ̀ ló máa ń jókòó sí láti àárọ̀ tòun ti ọ̀pá gígùn, tí yóò máa ṣọ́ àwọn òròmọdìyẹ rẹ̀ nítorí àṣá.

“Ọmọ tíṣà,” ó fi ohùn ìlú wa pè mí, “etí lo fi ń wá a. Ṣé àṣá máa ń pariwo kó tó dé ni? Bọ́ sí ulé mi níhìn-ín kó o máa wo ojú adìyẹ.”

Adìyẹ máa ń dorí kọ ẹ̀gbẹ́ kan, á wá fi ojú kan ṣoṣo wo òkè. Ìyá àgbà ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ti ṣe bẹ́ẹ̀, nǹkan ń bọ̀. N kò gbà á bẹ́ẹ̀. Mo fa ìlà sínú ìwé mi, mo ń kọ ìgbà tí wọ́n wo òkè tí bàálù sì dé, àti ìgbà tí kò dé.

“Kí lo ń kọ?”

“Ìgbà tí wọ́n jàre àti ìgbà tí wọ́n jẹ̀bi ni, ìyá.”

Ó bú sẹ́rìn-ín, ó kọjú sí àwọn adìyẹ náà. “Ẹ ti dé kóòtù lónìí o! Ẹ lọ wá lọ́yà!”

Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, ìwé mi fi hàn pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò tọ̀nà tán. Adìyẹ máa ń wo òkè fún ewé tó ń jábọ̀, àti fún ohun tí èmi kò rí rárá. Ṣùgbọ́n bí ìyá adìyẹ bá yí ohùn padà, tí gbogbo wọn dákẹ́, tí orí wọn kọ síbì kan náà, bàálù ló sábà máa ń tẹ̀ lé e. Bóyá ojú ni wọ́n fi mọ̀ ọ́n, bóyá etí, n kò lè sọ. Ohun tí mo lè sọ ni pé wọ́n máa ń ṣáájú mi.

Ní ọjọ́ Ẹtì, kùrukùru bo ojú ọ̀run títí di ọ̀sán. Bàálù kan ṣoṣo kọjá lẹ́ẹ̀mejì. Màmá ti ilé ìwé dé, ó yọjú lórí ògiri.

“Ṣé ó ti bọ́ sí i?”

“Kò tíì bọ́ sí i, mà.”

“Ó dáa. Mo ń bọ̀, kí n lọ lọ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ.”

Ní nǹkan bí aago mẹ́rin, adìyẹ pupa yí ohùn padà. Àwọn yòókù dákẹ́. Gbogbo orí kọ sí ìhà ìlà-oòrùn, lókè oko kòkó. N kò gbọ́ nǹkan kan. Mo fẹsẹ̀ múlẹ̀, mo yí ìbàdí síbẹ̀, mo gbé kámẹ́rà sójú.

“Ó ti dé!” ìyá àgbà kígbe.

Méjì ni wọ́n. Èkíní ti dẹ̀gbẹ́, èkejì ń lé e pẹ́kípẹ́kí. Mo yí pẹ̀lú wọn, mo ń tẹ kámẹ́rà lọ. Ìgbà yẹn ni ariwo wọn tó já lù wá, bí ìgbà tí wọ́n bá da páànù sílẹ̀ láti orí ọkọ̀ akẹ́rù. Nǹkan kan kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí mi fìrì. Kí n tó sọ kámẹ́rà kalẹ̀, kò sí adìyẹ kan mọ́ nínú ọgbà.

Nínú àwòrán mẹ́sàn-án, mẹ́jọ kò wúlò. Nínú ìkẹsàn-án, bàálù méjèèjì hàn kedere débi pé mo rí orí awakọ̀ kan, tàbí ohun tí mo gbà pé orí awakọ̀ ni. Nísàlẹ̀ wọn, sílípáàsì búlúù kan ń fò lọ sókè.

Mo wẹ̀yìn. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ìyá àgbà wà lásán.

“Ìyá, ṣé ẹ̀yin lẹ jù ú?”

“Ọwọ́ mi ni. Èmi kọ́.”

Sílípáàsì náà sún mọ́ bàálù kejì tó bẹ́ẹ̀ tí n kò lè gé e kúrò láìgé apá bàálù. Màmá ní kí n fi fóònù pa á rẹ́, pé ta ló máa mọ̀. Mo ní èmi máa mọ̀. Ó wà lójú ọ̀run lóòótọ́ nígbà tí mo tẹ kámẹ́rà. Mo fi àwòrán náà ránṣẹ́ bó ṣe rí, mo sì ṣàlàyé rẹ̀ ní ìlà mẹ́ta.

Olóòtú kò fèsì lọ́jọ́ náà. Kò fèsì ní Sátidé. Nígbà tí a ti ṣọ́ọ̀ṣì dé ní ọjọ́ Àìkú, ṣẹ́ẹ̀tì tí màmá lọ̀ wà lórí àga, ó gún régé. Ibẹ̀ ni mo ń wò nígbà tí fóònù dún.

“Ta ló ju bàtà?” Ẹ̀rín kò jẹ́ kí olóòtú sọ̀rọ̀ dáadáa.

“Aládùúgbò wa ni, sà. Ó rò pé àṣá ni. Rárá, mi ò lè sọ pé ó rò bẹ́ẹ̀. Lílé àṣá ti mọ́ ọn lọ́wọ́ ni.”

“Kọ gbogbo ẹ̀ bẹ́ẹ̀ gan-an. Àwòrán yẹn là ń lò, tòun ti bàtà. Ọ̀la lo máa bẹ̀rẹ̀.”

Màmá gbé ṣẹ́ẹ̀tì náà, ó fi kọ́ sínú kọ́bọ́ọ̀dù, ó ní kí n ṣáà máa wọ̀ ọ́ lọ sídìí adìyẹ.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo tẹ àwòrán náà jáde, mo mú un lọ fún ìyá àgbà. Ó mú un sún mọ́ ojú, ó mú un jìnnà.

“Ṣé ó bà á?”

“Kò bà á, ìyá.”

“Ṣé wọ́n ti padà wá látìgbà yẹn?”

Mo ro ìbéèrè náà dáadáa. Ọjọ́ Ẹtì yẹn ni ìdánrawò parí, rédíò sì ti sọ bẹ́ẹ̀ ṣáájú. Ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ló béèrè.

“Wọn ò padà wá, ìyá.”

Ó fi àwòrán náà sẹ́yìn ìrọ̀rí rẹ̀. “Ẹ̀n-ẹ́n,” ó ní. “Bàtà ṣe uṣẹ́.”