Omi kànga tí mo fi ń fọ ẹ́ńjìnnì

Ta ló gọ̀ jù mí lọ ní gbogbo Àgbádárìgì? Ẹ mú un wá ká jọ jókòó.

Ẹ́ńjìnnì àtijọ́ tó wà nínú ọkọ̀ ìgbòkun mi, omi òkun ló ń fà sínú kó má bàa gbóná jù. Torí kí iyọ̀ má bàa jẹ ẹ́, tí mo bá ti dé báyìí, mo máa ń fi omi kànga ilé mi ṣàn án. Mo tún ń fi ṣe yànga!

Láàárọ̀ yìí, ó kọ̀. Bàbá mẹkáníìkì tú u, iyọ̀ ti dí i pa.

Mo ní, "Bàbá, mò ń fi omi kànga fọ̀ ọ́ o!"

Wọ́n ní, "Ṣé o máa ń mu omi kànga ọ̀hún?"

"Rárá o, iyọ̀ rẹ̀ ti pọ̀ jù..."



Ọdún méjì ni mo ti ń fi omi iyọ̀ fọ iyọ̀. Ó yá, ẹ bú mi, mo ti jókòó.