Ata Oko Rẹ Ti Ń Pọ́n, Àdùkẹ́

Èmi Ràfíù, àkọ́bí olóògbé, ni mo kọ ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ láti ẹnu bàbá mi, Bàbá Gàníyù Akànjí, nínú ilé wa ní Yopougon, ní Abidjan. Bàbá kò kàwé. Wọ́n ní àwọn fẹ́ dágbére fún ìyàwó àwọn fúnra àwọn, àti pé n kò gbọ́dọ̀ bá àwọn tún un ṣe.

Àdùkẹ́ o! Wọ́n ní kí n sọ pé ó dìgbà kan ná. Ìgbà wo? Ta ni kí n bi? Ìwọ ni mo máa ń bi.

Ìyá Ràfíù, ọlọ́wọ́ mímọ́, ìwọ tí o ta abọ́ àti ike ní ọjà Siporex tí èpè kò jáde lẹ́nu rẹ, ohun kan wà tí kò yé mi títí di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí.

Ọmọkùnrin kan wá bá wa ní ìsọ̀ rẹ lọ́dún díẹ̀ sẹ́yìn. Ó sọ èdè wa, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú ẹrẹ̀ pẹ̀lú aṣọ funfun. Ní Abidjan níbí! Àwọn ọmọ tiwa gan-an, “bọ́njúù, pàpá” ni wọ́n fi ń kí wa. Ó ní kí a kó owó wá, àwọn á bá wa gbin ata, a ò ní dé oko rárá, owó náà á sì di ìlọ́po méjì kí òjò tó tún dé. Èmi ọmọ àgbẹ̀, tí mo mọ bí kòkòrò ṣe ń jẹ ata, mo gbà. Ìwọ náà gbà. Ìdọ̀bálẹ̀ yẹn la fowó rà. Owó tí a fẹ́ fi kọ́lé sí Èjìgbò lọ. Wọ́n ti bùró wọn, ọ́fíìsì tí a kówó lọ, pa, ọmọkùnrin náà di àwátì.

Èmi ń lọ jókòó síwájú ìlẹ̀kùn títì yẹn ní gbogbo ọjọ́ Ajé. Ìwọ ní, “Bàbá Ràfíù, sé finì, ó ti parí. Owó ti lọ. Àṣìṣe wa ni pé a ò fojú rí oko. Ẹ jẹ́ ká mú ìyẹn dání.” O rẹ́rìn-ín. Mo ní ṣé orí rẹ pé? O ní, “Ẹni tó bá kí mi dáadáa, màá kí i padà dáadáa. Owó mi ni n ò ní kó fún un.”

O tọ́jú owó abọ́ díẹ̀díẹ̀, o gba ilẹ̀ kékeré kan lẹ́yìn Abobo. Kí o tó sanwó, o lọ wò ó nígbà òjò, o tún lọ wò ó nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, o bi àwọn tó ń dáko nítòsí. Lẹ́yìn náà lo gbin nǹkan sí i. Ata! Nínú gbogbo ohun ọ̀gbìn ayé, ata náà lo tún gbìn. Bó bá di Sátidé, wàá ní, “Ọmọ àgbẹ̀, ṣé ẹ ò ní wá wò ó ni?” N kò lọ. Mo jẹ ata náà nínú ọbẹ̀, n kò yìn ín.

Àwọn obìnrin Siporex tó wá bá mi dárò wá ń sọ pé o sunkún lọ́dún yẹn. Wọ́n ní ẹ̀yìn abọ́ lo ti ń sun ún, wàá nujú, wàá sì máa bọ̀ wálé. Èwo ni kí n gbà? Ẹ̀rín tí mo rí, àbí ẹkún tí n kò rí? Mo rò pé kò dùn ọ́ ni. Mo bínú sí ọ nítorí ìyẹn.

Wọ́n ní o sọ fún àwọn pé ata ti ń pọ́n. Ràfíù tó ń kọ̀wé yìí ní ká gbàgbé oko náà. Kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, Ràfíù. Mo ní rárá, èmi ni màá ká a. Ṣùgbọ́n, ẹ̀yin èèyàn mi, n kò mọ ọ̀nà ibẹ̀. N kò béèrè rí. Ẹni tó bá mọ oko Àdùkẹ́ nínú ẹ̀yin tí ẹ wá sin ín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì lọ sílé, ẹ wá mi kàn. Bí n kò bá rí ẹnì kankan, màá lọ sí ibùdókọ̀ Abobo Gare, màá máa bi àwọn awakọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan títí n ó fi débẹ̀.

Sùn re o, Àdùkẹ́. Sùn re o.

Àmì àtàǹpàkò Bàbá Gàníyù Akànjí nìyí.
Ẹlẹ́rìí: Ìyá Nímọ́tà, aládùúgbò ìsọ̀ olóògbé.
Ẹlẹ́rìí: Múfútáù, àbúrò olóògbé.