Ọ̀sẹ̀ Mẹ́fà Tí Dókítà Kò Lò ní Simawa

Leah Ọmọ́túndé ti fi ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n kọ́ ọmọ níwèé ní Ìkẹ́nnẹ́ kó tó fẹ̀yìntì, kò sì sí ìwé ẹ̀rí tó ń bà á lẹ́rù. Lọ́dún 1994, Dókítà Dúrótìmí Afọláyan, olùkọ́ ní yunifásítì kan, wá bá a nílé. Ó ní òun ń ṣe ìwádìí lórí ìrànwọ́ tí àwọn òyìnbó ń fún àwọn ìlú kéékèèké, òun sì ń wá ẹni tí yóò mú òun dé Simawa, ìlú ìyá Leah, tí yóò sì máa túmọ̀ ẹ̀ka èdè ibẹ̀, torí òun kò gbọ́ ọ. Leah gbà, torí ó rò pé bí a bá kọ ìyà sínú ìwé, ẹnì kan lè kà á kó sì wá nǹkan ṣe sí i.

Ẹ̀rọ omi kan wà ní Simawa tí ẹgbẹ́ òyìnbó kan ṣe fún wọn. Ó ti dákẹ́ láti oṣù márùn-ún. Hàbíbátù, olórí àwọn obìnrin tó ń tọ́jú ẹ̀rọ náà, ṣàlàyé fún àwọn àlejò náà pé wásà inú rẹ̀, awọ róbótó tó ń bá a fa omi, ló jẹ, pé irú rẹ̀ kò sí lọ́jà, àti pé lẹ́ẹ̀mẹta làwọn ti kọ lẹ́tà sí ẹgbẹ́ náà láìrí èsì.

Dókítà kò kọ nǹkan kan sílẹ̀. Ó kọjú sí Leah. "Mà, ẹ bá mi bi wọ́n bóyá wọ́n rò pé inú òrìṣà odò ló ń bí."

"Wásà ló sọ o," ni Leah fèsì.

"Ẹ ṣáà bi wọ́n."

Leah bi Hàbíbátù. Ìyẹn wo Dókítà látòkè délẹ̀. "Ẹ sọ fún un pé Mùsùlùmí ni mí. Òrìṣà wo ló ń jẹ wásà?"

Dókítà jẹ ọ̀pẹ òyìnbó tí wọ́n gé fún un, ó nu ọwọ́, ó wọ mọ́tò. Kò lò ju wákàtí méjì lọ.

Lẹ́yìn ọdún méjì, Máyọ̀kún, ọmọ àbúrò Leah tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìkàwé, mú ìwé tí Dókítà fi ìwádìí náà ṣe wá fún un. Ohun tí Dókítà kọ ni pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lòun fi gbé láàrin àwọn ará Simawa, pé ìbẹ̀rù òrìṣà ni kò jẹ́ kí wọ́n tún ẹ̀rọ wọn ṣe. Gbogbo ara Leah kórìíra ọkùnrin náà. Lọ́jọ́ kejì ó gba Simawa lọ, ó jókòó láàrin àwọn obìnrin, ó sì túmọ̀ rẹ̀ fún wọn ní gbólóhùn kọ̀ọ̀kan.

"Àlejò lójú, kò fi ríran," ni Hàbíbátù wí. "Ṣùgbọ́n èyí tiẹ̀ tún ń purọ́."

Lọ́dún 1997, Dókítà padà dé pẹ̀lú òyìnbó méjì tó fẹ́ gbé ìwádìí tuntun lé e lọ́wọ́. Ó tún ní kí Leah wá ṣe ògbufọ̀. Leah lọ. Bí wọ́n ṣe kí ara wọn tán, Hàbíbátù dìde.

"Ẹ bá wa bi Dókítà, ilé ta ló sùn sí fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà? A fẹ́ lọ kí onílé kú àlejò."

Leah sọ ọ́ lédè Gẹ̀ẹ́sì, ketekete, kò fi kún un, kò yọ níbẹ̀. Àwọn òyìnbó wo Dókítà. Dókítà wo bàtà rẹ̀.

"Mà, kò yẹ kẹ́ ẹ túmọ̀ ìyẹn," ló sọ wúyẹ́wúyẹ́.

"Iṣẹ́ tí ẹ pè mí sí ni mo ṣe."

Ẹnikẹ́ni má rò pé ojú tì í títí. Àwọn òyìnbó lọ gbé ìwádìí wọn síbòmíràn, Dókítà sì di ọ̀jọ̀gbọ́n lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Bẹ̀llò, aránbàtà kan ní Mákùn, ló fi awọ màlúù gé wásà fún àwọn obìnrin Simawa, omi sì yọ. Kò sí ọ̀mọ̀wé kankan tó wá bi í bó ṣe ṣe é.

Nígbà tí àwọn ará ìjọ ní kí Leah bá àwọn lọ síbi ìdúpẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n tuntun náà, ó ní òun ní ẹ̀gẹ́ láti bó.